Pákó Tó Dúró Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Wọ́n ní kí n má rẹ́rìn-ín. Níbi òkú Bàbá, àǹtí mi kan fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Fèyí, fajú ro, àwọn èèyàn ń wò ẹ́." Mi ò lè fajú ro! Inú mi ń dùn, ó ń dùn débi pé bí mo ṣe ń kọ èyí báyìí, ọwọ́ mi ò lè bá ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi. Bàbá mi àgbà ti lọ, òótọ́ ni. Arúgbó ni, ó jẹ iyán alẹ́ ẹ̀, ó sùn, kò jí mọ́. Mo ti sunkún ẹ̀, ojú mi wú. Àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀ wa kí wọ́n tó gbé e lọ sin, nǹkan tí mo ti ń retí látìgbà tí mo wà níléèwé girama: Dádì mi gun àkàbà. Ó tán. Ẹni tí ò bá mọ Bàbá á ní, kí ló wà nínú pé èèyàn gun àkàbà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Bàbá jẹ́ fún yín ná.

Kápíńtà ni. Kì í kan àga, kì í kan bẹ́ẹ̀dì, síìlì ló ń kàn, láti Ìkéré níbí dé Ìsẹ̀, dé Èmùré. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kápíńtà síìlì ló ń kẹ́yìn oníná. Oníná á fa wáyà ẹ̀ káàkiri inú òrùlé, á so ó, á gbowó, á lọ. Kápíńtà á wá kan síìlì bò ó. Látọjọ́ yẹn lọ, kò sẹ́ni tó tún máa rí ohun tó wà lókè yẹn mọ́ àfi eku. Bàbá kì í wá kan pákó ìkẹyìn. Á kan gbogbo ẹ̀ tán, á ṣẹ́ ẹyọ kan kù, èyí tó wà nítòsí ibi tí gílóòbù máa wà. Á gbé àkàbà sábẹ́ ihò yẹn, á fi tọ́ọ̀ṣì lé onílé lọ́wọ́, á ní, "Gùn ún, kó o wò ó." Ohun tí onílé fẹ́ lọ wò kò le: gbogbo ibi tí wáyà ti pàdé wáyà, ṣé inú àpótí ẹ̀ ló wà, ṣé àpótí yẹn ní ìdérí, ṣé wọ́n dè é mọ́ igi? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, onílé á pariwo látòkè pé, "Mo ti rí i o!" Bàbá á wá kan pákó ẹ̀. Kódà kò ní ri ìṣó ẹ̀ wọlé tán, kí wọ́n lè tú u lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún fẹ́ wò ó. Tí onílé bá ní òun ò gùn, Bàbá á kó irinṣẹ́ ẹ̀, á máa lọ, ihò á wà níbẹ̀.

Ìyá kan wà ní Ìsẹ̀, ìyá tó sanra dáadáa, ó di àkàbà mú, ó ń gbọ̀n. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi wò ó jàre, mo gbà yín gbọ́." Bàbá ò tiẹ̀ gbé ojú sókè níbi tó ti ń pọ́n ayùn ẹ̀. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo fẹ́ máa sùn níbẹ̀ ni?" Màmá yẹn gùn ún o! Àwọn ọmọ ẹ̀ tì í nídìí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Bí Bàbá ṣe gba orúkọ nìyẹn. Bàbá Gùn-ún-wò-ó ni gbogbo èèyàn ń pè é, èmi gan-an ti wà ní píràmárì kí n tó mọ orúkọ ẹ̀ gangan.

Ìjà ẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníná, ẹ ò ní gbà gbọ́. Oníná kan wà tó ń jẹ́ Káyọ̀, àwọn méjèèjì jọ máa ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ máa ń jà, ojoojúmọ́. Èkó la ṣì ń gbé, ṣùgbọ́n mo máa ń wá lo họlidé lọ́dọ̀ Bàbá. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, mo bá wọn lẹ́nu ẹ̀.

"Bàbá, mo ti fi téèpù dì í dáadáa."

"Téèpù."

"Téèpù dúdú ni, ojúlówó!"

"Káyọ̀, tí ìyàwó ẹ bá bímọ tuntun, ṣé téèpù lo máa fi dì í, kó o gbé e sórí òrùlé?"

"Bàbá, wáyà kì í ṣe ọmọ."

"Ọmọ yàtọ̀, ọmọ á ké. Wáyà ò ní ké. Á kàn máa gbóná ni, á máa gbóná, ìwọ á máa sùn." Ó wá na ayùn sí i. "Ibi tí wáyà bá ti fẹnu kan wáyà, kó ní ulé tirẹ̀."

Ulé ni Bàbá máa ń pe ilé, uná ló ń pe iná, èdè Ìkéré ò kúrò lẹ́nu ẹ̀ rí. Káyọ̀ kùn, ó kùn, ó sì wá àpótí wá. Àpótí rọ́bà funfun báyìí, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n á ki ẹnu wáyà sínú kọnẹ́tọ̀, wọ́n á fi sukurudiráfà fún un pinpin, kọnẹ́tọ̀ yẹn á wà nínú àpótí, wọ́n á dé e. Ihò tí wáyà gbà wọlé gbọ́dọ̀ fún mọ́ ọn, kí eku má rí ibi ki ẹnu sí. Bàbá ní téèpù nìkan, tí oòrùn bá ti ń ta sí páànù fún ọdún mélòó kan, tí ọyẹ́ tún fẹ́ lé e, gọ́ọ̀mù ẹ̀ á kú, á ṣí ara ẹ̀ sílẹ̀ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Tó bá wọ ilé yín, òkè ló máa kọ́kọ́ kí. Á máa bèèrè àlàáfíà yín, ojú ẹ̀ á wà lókè bí ẹni tó ń retí òjò, imú ẹ̀ á máa ṣiṣẹ́. Ó máa ń sọ fún mi pé kí n máa wo àyíká gílóòbù, bóyá ó ń dúdú bí ojú ìkòkò. Kí n máa tẹ́tí, bóyá nǹkan ń ta pẹ́pẹ́ lókè nígbà tí iná bá dé. Ẹ̀rù máa ń bà mí! Mo kéré nígbà yẹn, mo máa ń dùbúlẹ̀, mo máa ń wo síìlì, mo ń rò ó pé nǹkan kan ń mí lẹ́yìn ẹ̀. A lọ kí àna wa ní Ògòtún, wọ́n gúnyán, wọ́n se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, iná tó wà lókè wa ń dún bí ìgbà tí kòkòrò bá há sínú ìgò. Bàbá gbé àwo ẹ̀, ó gbé àga ẹ̀, ó bọ́ síta. Ojú tì wá. Àna wa ní, "Bàbá, ṣé ọbẹ̀ ò dùn ni?" Bàbá ní, "Ọbẹ̀ yín dùn. Ohun tó wà lókè yín yẹn ni, èmi pẹ̀lú ẹ̀ ò lè jọ jẹun."

Ohun tó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún mi. Màá dé bẹ̀.

Nígbà tí Dádì kó wa kúrò ní Èkó wá sí Ìkéré, ó kọ́lé. Wọ́n ti ń ṣe síìlì onírọ́bà níbi gbogbo nígbà yẹn, ó ń dán, ó ní òdòdó lára. Dádì pe àwọn kan láti Adó kí wọ́n wá ṣe é, kò pe Bàbá. Ó ní Bàbá ti dàgbà. Òótọ́ sì ni, orúnkún ẹ̀ kan ti ń dùn ún. Àwọn ará Adó yẹn náà ló so iná, iná ńlá kan tó ní ẹ̀ka báyìí bí igi kòkó, a pariwo lọ́jọ́ tí wọ́n tàn án! Bàbá wá, ó wo òkè, ó ní, "Ta ló gùn ún wò?" Dádì ní, "Bàbá, kò sóhun tí wọ́n ń wò níbẹ̀." Bàbá yí padà, ó lọ sílé.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Òórùn ẹja ni. A ò sì se ẹja! Ìrọ̀lẹ́ tí iná bá dé, tá a bá tan iná ńlá yẹn, tó bá ti pẹ́ díẹ̀, òórùn ẹja tó ń jóná á kún pálọ̀. Mọ́mì fọ gbogbo ìkòkò, ó yọ kọ́tìnnì, ó gbá abẹ́ àga, kò sóhun tó rí. Iná á tún máa ṣẹ́jú. Á ṣẹ́jú, á dúró, á tún ṣẹ́jú, bí ẹni tó ń pe èèyàn. Tọ́lá àbúrò mi ò dá dúró nínú pálọ̀ mọ́. Ibẹ̀ sì ni èmi àti òun ń tẹ́ ẹní sí tí ooru bá mú.

Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá lójoojúmọ́. Á mú ẹ̀pà sísè dání fún wa, á jókòó sétí ògiri, ayùn ẹ̀ á wà nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á máa wo òkè. Tí iná bá ti ṣẹ́jú, òun náà á mi orí.

Àǹtí Dúpẹ́ tí òun àti Mọ́mì jọ ń gbàdúrà ló dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Ó gbọ́ òórùn ẹja, ó di imú mú, ó ní nǹkan odò ni, pé ẹnì kan ló rán an. Ó ní, "Ìyá Fèyí, ta ló wà nínú ẹbí yín tí inú ẹ̀ ò dùn sí ilé yìí?" Mọ́mì kàn wo àga tó wà létí ògiri, àga Bàbá. Dádì náà wò ó. Ọ̀rọ̀ di bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó pe orúkọ. Lọ́jọ́ kejì, Mọ́mì fà mí wọ kíṣìnì, ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí mi létí: "Ìwọ àti Tọ́lá, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà Bàbá mọ́."

Mo jẹ ẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, èmi jẹ ẹ́, mo gbé e sábẹ́ aṣọ, mo lọ jẹ ẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n Tọ́lá ò jẹ ẹ́, Bàbá sì rí i tó gbé ọwọ́ ẹ̀ sẹ́yìn. Bàbá wo ẹ̀pà yẹn lọ́wọ́ ara ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀pà ni, Tọ́lá. Ẹ̀pà lásán ni."

Mo sìn ín lọ sílé lọ́jọ́ yẹn. Lójú ọ̀nà ló sọ ti Èmùré fún mi. Ó ní nígbà tóun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, òun kan síìlì ilé kan níbẹ̀, òun rí ibi tí oníná so wáyà mọ́ wáyà tó fi àkísà dì í, òun kan pákó bò ó, torí onílé ń kánjú. Ilé yẹn jó. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọ̀sán ni, kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí iná tó kú tán, wọ́n ti mú ẹni tó ṣe é: ìyàwó kékeré, torí pé òun àti ìyálé jà láàárọ̀. Wọ́n lé e jáde nílé, ó gbé ẹrù ẹ̀ lórí, ó gba iwájú Bàbá kọjá. Bàbá mọ ohun tó wà lókè síìlì yẹn. Kò lanu. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó wò mí, ìrọ̀lẹ́ ti ń ṣú lórí àpáta ìlú wa, ó ní, "Wọ́n máa ń wá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù. Ó ti wá kàn mí."

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e la ṣe ìṣílé. Òjò ṣú, pálọ̀ ṣókùnkùn, wọ́n bá tan iná ńlá. Èèyàn kún, pásítọ̀ wà níwájú, a ń kọrin, òórùn ẹja sì ń bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo rí i lójú àwọn àlejò bí imú wọn ṣe ń ká. Bàbá wọlé pẹ̀lú àkàbà léjìká. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ pa mẹ́ẹ̀nì, ó yọ fíúsì, ó fi í sápò ara ẹ̀, ó gun òkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ síìlì Dádì!

"Bàbá! Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló ti kọ́kọ́ rẹ́ ẹ, torí ibẹ̀ ni imú ẹ̀ ń sọ fún un. Ó tan tọ́ọ̀ṣì. Eruku ló wà níbẹ̀ àti ẹyin ọmọńlé. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ẹ bá wa sọ Bàbá kalẹ̀ kó tó gé gbogbo ilé." Àǹtí Dúpẹ́ ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó fa àkàbà sábẹ́ iná ńlá, ó tún gùn ún, ó tún rẹ́ ẹ. Ó pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó mú bọ̀ ni ègé kan tó rẹ́ lára igi òrùlé, tó dúdú, tó ti di èédú ní ẹ̀gbẹ́ kan, nílọ́ọ̀nù omi tútù tí wọ́n fi di wáyà ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ọn, eku sì ti kó háhá àgbàdo jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí ẹní. Kò sí àpótí níbẹ̀, kò sí kọnẹ́tọ̀. Wáyà tí wọ́n kàn lọ́ mọ́ ara wọn ni, tó tú, tó ń jó díẹ̀díẹ̀ lórí wa. Mọ́mì gba igi yẹn, ó gbé e sí imú. Mo rí i. Ojú ẹ̀ yí padà. Òórùn ẹja ni.

Dádì ò gbà á. Bóyá torí pé gbogbo èèyàn wà níbẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹni tó bá gun òkè lè mú ohun tó bá wù ú sọ̀ kalẹ̀."

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Bàbá na tọ́ọ̀ṣì sí i. "Gùn ún, Olú. Gùn ún, kó o wò ó."

"Mi ò gùn."

Lọ́jọ́ kejì, Káyọ̀ wá, ó gé wáyà tó jóná kúrò, ó so ó tuntun, ó fi sínú àpótí, ó dé e, ó dè é mọ́ igi, ó sì gbé iná ńlá yẹn kọ́ ìkọ́ tó wọ igi, kó má bàa máa fa wáyà. Ó pariwo sílẹ̀ pé, "Bàbá, ulé ẹ̀ rèé o! Ó ku ìkómọ." Látọjọ́ yẹn, a ò gbọ́ òórùn ẹja mọ́. Bàbá dí ihò ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó gé pákó ọ̀gànwó kan tó bá ihò ẹ̀bá iná ńlá mu, ó fá a títí ó fi ń dán, ó gbé e dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀. Ó ní, "Ọjọ́ tó bá gùn ún la óò kàn án."

Dádì ò gùn ún. Mo ṣe ìdánwò àṣekágbá, ihò wà níbẹ̀. Mo parí iléèwé, mo ń kọ́ṣẹ́ aṣọ, ihò wà níbẹ̀. Igun mẹ́rin dúdú lórí àga Dádì, tí atẹ́gùn bá fẹ́, á mí lé wa lórí. Dádì yí àga ẹ̀ kó má bàa máa rí i. Àwọn méjèèjì ń kíra, wọ́n jọ ń jẹun, Dádì ń ra oògùn orúnkún fún Bàbá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ òkè. Mo mọ̀ ọ́n nínú ara mi: tí Dádì bá gùn ún, tó rí ohun tó jóná, ó máa ní láti sọ ohun tó ti rò nípa bàbá ẹ̀. Mo bínú nítorí ẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ní kí Bàbá sáà kan pákó yẹn kó tán. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku orí pákó, ó rẹ́rìn-ín. "Pákó tó ti gbẹ kì í jẹrà. Jẹ́ kó dúró."

Bàbá wá lọ.

Pálọ̀ wa ni wọ́n gbé pósí ẹ̀ sí kí a tó máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Abẹ́ iná ńlá ni, ibẹ̀ ló fẹ̀ jù. Wọ́n ṣí i kí a lè wò ó. Dádì dúró nínú aṣọ funfun, ó ń wo ojú Bàbá, ojú Bàbá sì kọ òkè bó ṣe máa ń kọ òkè nílé gbogbo èèyàn, ó kọ ihò yẹn. Dádì náà wá gbé ojú sókè. Ó jáde, a rò pé ó fẹ́ lọ sunkún. Àkàbà ló gbé wọlé! Ó pa mẹ́ẹ̀nì, ó yọ fíúsì, ó fi í sápò aṣọ funfun yẹn, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó gùn ún. Orí ẹ̀ wọlé, èjìká ẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan la ń rí.

Ohùn ẹ̀ bọ́ sílẹ̀ látinú síìlì. "Ìyókù igi tó jóná ṣì wà níbí. Ó dúdú lọ títí." Ó yí tọ́ọ̀ṣì. "Àpótí ẹ̀ ò ní eruku. Gbogbo ibí kún fún eruku, àpótí yìí nìkan ló mọ́. Ta ló ń nù ún?"

Mọ́mì mi ló dáhùn. Ẹni yẹn náà tó ní ká má jẹ ẹ̀pà.

"Òun náà ni, Dádì Fèyí. Tẹ́ ẹ bá ti lọ sọ́jà, á wá. Á ní kóun gùn ún wò, bóyá eku ti dé bẹ̀, pé àwọn ọmọ ń sùn lábẹ́ ẹ̀." Ó nu ojú. "Pẹ̀lú orúnkún yẹn. Èmi ni mo máa ń di àkàbà mú fún un."

Mọ́mì rìn lọ bá Dádì, ó di àkàbà mú.

"Ẹ gbé pákó yẹn wá," Dádì ní.

Èmi ni mo sáré! Mo gbé e lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo mú òòlù àti ìṣó látinú àpò irinṣẹ́ Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀, ẹ̀rín ti ń gbé mi, ẹkún ti ń gbé mi, mi ò mọ èwo ni mo ń ṣe. Dádì gbà á, ó gbé pákó yẹn sójú ihò, ó bá a mu bí ìgbà tí wọ́n gé e láàárọ̀ yẹn. Ó ki ìṣó sẹ́nu. Ó wá tún yọ ọ́. Ó wo ilẹ̀, ó wo ojú Bàbá nínú pósí, ó sì pariwo bí àwọn onílé ṣe máa ń pariwo látòkè fún un ní Ìsẹ̀, ní Èmùré, ní gbogbo ibi tó ti ṣiṣẹ́:

"Bàbá, mo ti rí i o!"

Ó wá kàn án.